Ọmọ ló ni dídì, ìyá ló ni aró

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn ni mò ń gbé, mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré tí mo ti ń ta òwú, abẹ́rẹ́ àti bọ́tìnnì. Láti oṣù mẹ́ta ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ mi méjèèjì nílé: ọkùnrin ọmọ ọdún 7, obìnrin ọmọ ọdún 10. Mo ti ka ìwé títí ojú ń ro mí, ti ìlera lọ́tọ̀, ti iṣẹ́ ọwọ́ lọ́tọ̀, ti ẹ̀kọ́ ilé lọ́tọ̀. Bí mo bá ní kí n ṣe gbogbo ohun tí wọ́n wí, ṣọ́ọ̀bù á di títì. Àdìrẹ ni àwọn ọmọ láwọn fẹ́ kọ́. Ṣé kò ní pa wọ́n lára? Ṣé ẹ̀kọ́ gidi wà nínú rẹ̀ àbí eré lásán ni? Báwo ni mo ṣe máa ṣe é tí ọjà ò fi ní dúró?"

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú làálàá ọmọ. Ẹ jẹ́ ká ti àwọn ìwé yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, ká wo orúkọ iṣẹ́ tí àwọn ọmọ fúnra wọn yàn. À-dì-rẹ: a dì í, a sì rẹ ẹ́. Iṣẹ́ méjì ló wà nínú orúkọ kan yẹn. Dídì kò gba iná, kò gba omi gbígbóná, kò gba kẹ́míkà. Lẹ́yìn káńtà yín ni ọmọ ti lè jókòó ṣe é, oníbàárà lè wọlé kó jáde, ọmọ á gbé e sílẹ̀, á tún gbé e. Ibẹ̀ ni wíwọ̀n, pípín, kíkà àti ìfarabalẹ̀ wà. Rírẹ ní tirẹ̀ kì í sábà ju wákàtí kan àbọ̀ lọ, ibẹ̀ ni ewu sì kó sí. Nítorí náà, ọmọ ló ni dídì, ẹ̀yin lẹ ni aró. Àwọn òbí tí iṣẹ́ yìí kì í yọrí sí rere fún, wọ́n sábà máa ń yí i po ni. Ìdí aró ló ń wu gbogbo ayé wò, wọ́n á ní kí ọmọ yára so kókó méjì kí wọ́n lè débẹ̀. Ọmọ ò rí nǹkan kan kọ́ nídìí dídì, ó tún lọ dúró síbi tí kò yẹ.

Ẹ wo ewu náà dáadáa kó tó di pé ẹ ra ohunkóhun. Aró tí wọ́n ń tà lọ́jà lónìí, nǹkan mẹ́ta ni wọ́n ń pò pọ̀: àtíkè aró, kọ́sítíìkì sódà àti háídírọ́ọ̀sì (hydrosulphite, èyí tó ń jẹ́ kí aró yọ́ sínú omi kó lè wọ aṣọ). Kọ́sítíìkì ni baba ewu nínú wọn. Kì í jóni bí iná tí ara á gbọ́ lójú ẹsẹ̀. Bó bá kan awọ ara, á kọ́kọ́ máa yọ̀ bí ọṣẹ, nítorí pé ọ̀rá ara ẹni ló ń sọ di ọṣẹ yẹn, kí ìrora tó dé, ó ti jẹ wọlé. Bí ọmọ bá gbé e mì, á jó ọ̀nà ọ̀fun dé àyà. Ojú egbò náà á wá sún kì nígbà tó bá ń jinná, ọmọ ò ní lè gbé oúnjẹ mì mọ́, nígbà mìíràn omi pàápàá ò ní kọjá. Ọ̀nà kan náà ló sì sábà máa ń gbà wọnú ọmọ: ẹnìkan bu èyí tó ṣẹ́kù sínú ike omi tàbí ike mínírà, ó gbé e sílẹ̀, òùngbẹ gbẹ ọmọ. Ẹ má fi kẹ́míkà kankan sínú ohun tí a fi ń jẹ tàbí mu láéláé, kódà fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìwọ̀n tí ẹ máa lò lọ́jọ́ náà ni kí ẹ rà. Bó bá ṣẹ́kù, ibi gíga tó ní kọ́kọ́rọ́ ni kó wà.

Bí ọmọ bá gbé e mì, ẹ má fipá mú un bì, nítorí bó ṣe jó o nígbà tó ń lọ ni yóò tún jó o nígbà tó bá ń bọ̀. Ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́ "pa á". Ẹ fi omi yọ́ ẹnu rẹ̀, kí ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì mú ike kẹ́míkà náà dání kí dókítà lè rí i. Bó bá ta sí ara, ẹ bọ́ aṣọ kúrò, kí ẹ jẹ́ kí omi máa ṣàn lé ibẹ̀ fún 20 ìṣẹ́jú, ó kéré tán. Bó bá jẹ́ ojú ló ta sí, ẹ ṣí ìpéǹpéjú sílẹ̀ kí omi ṣàn wọ̀ ọ́ fún iye àkókò kan náà, lẹ́yìn náà ilé ìwòsàn.

Háídírọ́ọ̀sì kò jó ara tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó kórìíra ọ̀rinrin. Bí omi díẹ̀ bá kán sínú ọ̀rá tí wọ́n dì í sí, á gbóná, á máa rú èéfín tó ń ta nímú bí ìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣá ìṣáná, ó tiẹ̀ lè gbiná. Bí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ bá ní ikọ́ fée, tí èémí rẹ̀ máa ń dún fín-ín-fín-ín, èéfín yẹn lè ru ú sókè. Kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ má sí nínú ọgbà rárá lọ́jọ́ aró.

Àwọn kan á sọ fún yín pé ẹ lo aró èlú ti àwọn ìyá ńlá wa, pé ti àdáyébá ò léwu. Èlú fúnra rẹ̀ dára: ewé rẹ̀ ni wọ́n ń gún, wọ́n ń mọ ọ́n róbótó, wọ́n ń sá a gbẹ. Àmọ́ omi eérú ni wọ́n ń rẹ ẹ́ sí, omi eérú tó bá ti le dáadáa sì ń jẹ ọwọ́. Ọjọ́ mélòó kan ló sì máa ń gbà kí aró ìkòkò tó mú, ẹni tó sì ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù kò ní àkókò rẹ̀.

Fún oṣù méjì àkọ́kọ́, ẹ má ra ìkankan nínú kẹ́míkà mẹ́ta yẹn. Ata ilẹ̀ pupa, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní ajó, ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ṣíbí ìjẹun 2 àtíkè rẹ̀ sínú omi lítà 2, kó hó lórí iná díẹ̀díẹ̀ fún 20 ìṣẹ́jú, kí ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ, kó lọ wọ́ọ́rọ́. Kí ọmọ ri aṣọ òwú funfun tó ti dì sínú rẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Á yọ jáde ní pupa rúsúrúsú bí pupa inú ẹyin adìẹ. Ẹ sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé oòrùn máa pa àwọ̀ náà rẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí wọ́n má bàa sunkún. Kì í ṣe aṣọ ìmúròde, aṣọ ìkọ́ṣẹ́ ni.

Ìdí tí mo fi yan ajó kì í ṣe àwọ̀ rẹ̀ nìkan. Ẹ gé díẹ̀ lára aṣọ tó ti gbẹ náà sí tínńtín, ìka ọwọ́ méjì ní fífẹ̀. Kí ọmọ kán omi ọṣẹ ìfọṣọ lé ọ̀kan: á pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ lójú wọn. Kó kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ lé ojú ibẹ̀: á padà di bó ṣe wà. Kó dán omi lásán wò, omi eérú, fínígà, omi iyọ̀. Kí ọmọ ọdún 10 fa ìlà sínú ìwé, kó kọ ohun tó rò pé yóò ṣẹlẹ̀ sí apá kan kó tó dán an wò, kó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí apá kejì. Ohun tó bá sọ ajó di pupa, ẹbí eérú àti kọ́sítíìkì ni. Èyí tó bá dá a padà, ẹbí ọsàn ni. Ẹ kó aṣọ tínńtín tó kù pa mọ́ sínú àpòòwé, a ó lò wọ́n níwájú.

Bí ajó bá sú wọn, èèpo àlùbọ́sà pupa ló kàn, èyí sì ni ìṣirò ìdá nínú ọgọ́rùn-ún dé. Ẹ wọn aṣọ gbígbẹ lórí ìwọ̀n. Álọ́ọ̀mù tí ẹ máa lò jẹ́ ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo aṣọ, èèpo àlùbọ́sà jẹ́ ìdajì ìwúwo náà. Aṣọ 200 gíráàmù á gba álọ́ọ̀mù 30 gíráàmù àti èèpo 100 gíráàmù. Ẹ má ṣírò fún un, ọmọ ọdún 10 ni kó ṣírò rẹ̀. Ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ rẹ aṣọ sínú omi gbígbóná tí álọ́ọ̀mù ti yọ́ sí fún wákàtí kan, kí ẹ tó gbé e sínú omi èèpo tó ti hó fún nǹkan bí 45 ìṣẹ́jú. Láìsí álọ́ọ̀mù, àwọ̀ náà ò ní di aṣọ mú dáadáa.

Ó kan dídì wàyí. Aṣọ òwú gidi ni kí ẹ lò. Èyí tó bá ní pọ́lísítà nínú kò ní gba aró yìí, á kàn rí pọ́tọpọ̀tọ ni. Ẹ yọ fọ́nrán òwú kan lára rẹ̀ kí ẹ ṣáná sí i: bó bá jó di eérú lẹ́búlẹ́bú tó ń rùn bí bébà, òwú ni, bó bá ká kò tó di kókó dúdú líle, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Ẹ kọ́kọ́ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ aṣọ tuntun, nítorí táàṣì tí ilé iṣẹ́ fi sí i kì í jẹ́ kí aró wọlé.

Ọmọ ọdún 7 á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òkúta wẹ́wẹ́ àti ìko, tàbí rọ́bà bí ọwọ́ rẹ̀ kò bá tíì le. (Bí ọmọ kékeré tó ń ki nǹkan bọ ẹnu bá ń wá sí ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ má lo òkúta, ẹ ká aṣọ sí ṣónṣó kí ẹ so ó bẹ́ẹ̀.) Ẹ rẹ ìko sómi fún ìṣẹ́jú 10 kó má bàa já. Á gbé òkúta sí àárín aṣọ, á fi aṣọ bò ó, á wé ìko mọ́ ọrùn rẹ̀ nígbà mẹ́fà tàbí méje, á fà á le, á so ó. Ibi tí ìko bá wà ni yóò di òbìrí funfun. Bí àwọn òbìrí ńlá bá wà láàárín tí àwọn wẹ́wẹ́ sì yí i ká, àwọn aláró ní orúkọ fún un: oṣù bàm̀bà. Kókó ibẹ̀ ni pé kí ó fà á le. Bí ẹ bá lè ti èékánná bọ abẹ́ ìko, aró náà á bọ́ síbẹ̀.

Níbi kíkà, ẹ jẹ́ kó ka kókó rẹ̀ ní Yorùbá, nítorí òǹkà wa fúnra rẹ̀ jẹ́ ìṣirò ìyọkúrò. Ẹ to òkúta 20 sílẹ̀, kó mú 4 kúrò, kó wá sọ iye tó kù: mẹ́rìndínlógún, mẹ́rin dín ní ogún. Kó mú 3 kúrò nínú 20, mẹ́tàdínlógún. Ọmọ tó bá ti fi ọwọ́ mú òkúta kúrò bẹ́ẹ̀ nígbà díẹ̀ kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ há márùndínlógójì sórí, á mọ̀ pé 40 ni a ti yọ 5. Ẹnu lásán ni ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ìwé fi ń ka òǹkà yìí, ó sì ń dunni.

Ti ẹ̀gbọ́n le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fún un ní aṣọ yáàdì 2 àbọ̀ tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 36 íǹṣì, kí ẹ ní kó pín in sí ojú onígun mẹ́rin tó dọ́gba, láìsí pé ibì kankan ṣẹ́kù. Yáàdì kan jẹ́ 36 íǹṣì, nítorí náà gígùn rẹ̀ jẹ́ 90. Ojú 12 íǹṣì ò ní bọ́ sí i: á wọ inú 36 nígbà mẹ́ta, ṣùgbọ́n 90 á ṣẹ́ 6 kù. Ojú 9 íǹṣì á fún un ní 10 lọ́nà kan, 4 lọ́nà kejì, 40 lápapọ̀. Ojú tó tóbi jù lọ tó lè wọ̀ ọ́ ni 18 íǹṣì, tó máa fún un ní 10. Ohun tí ìwé ìṣirò ń pè ní òǹkà tó tóbi jù tó lè pín méjèèjì nìyẹn, àmọ́ tẹ́ẹ̀pù ìwọnṣọ ló fi rí i. Bí fífẹ̀ aṣọ yín bá yàtọ̀, ìbéèrè tuntun dé nìyẹn, ẹ tún bi í.

Ti kíká náà ní ẹ̀kọ́. Bí a bá ká aṣọ lẹ́ẹ̀kan, ìpele 2, ẹ̀ẹ̀kejì, 4, ẹ̀ẹ̀kẹta, 8, ẹ̀ẹ̀kẹrin, 16. Kókó kan lórí ìpele mẹ́jọ á jáde níbi mẹ́jọ. Kí ọmọ ya bí yóò ṣe rí sínú ìwé kó tó tú u. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó kọjá ìká mẹ́ta, nítorí aró kì í dé àárín ìpele 16, funfun lásán ni yóò bá níbẹ̀.

Nígbà tí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n bá ti dúró, ẹ bá a dé àdìrẹ alábẹ́rẹ́. Òwú yín wà ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ so ó ní méjìméjì kó má já. Á fi pẹ́ńsù fa ìlà, á rán an lọ ní ìrán gbọọrọ, nǹkan bí ìdajì sẹ̀ǹtímítà láàárín ìrán kan sí èkejì, á wá fa òwú náà títí aṣọ á fi ká jọ pátápátá, á so ìdí rẹ̀. Abẹ́rẹ́ mélòó lẹ fún un? Iye náà ni kó dá padà kó tó dìde. Ogún ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan tó, lẹ́yìn náà kó dìde, kó na ọrùn, kó jáde síta wo ohun tó jìnnà kí ojú rẹ̀ lè sinmi.

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni ìkẹta: ẹ̀kọ láfún ni a fi ń ya àwòrán sára aṣọ, kí aró má bàa wọ ibẹ̀. Ẹ̀kọ́ ìwé sì pọ̀ nínú tirẹ̀ jù. Ife kan láfún tó kúnná tí ẹ ti jọ̀, omi ife 4, ṣíbí tíì kan álọ́ọ̀mù. Ẹ fi omi tútù díẹ̀ po láfún, ẹ da á sínú omi tó kù tó ti ń hó, ẹ máa rò ó títí á fi ki bí ẹ̀kọ mímu tó le díẹ̀. Ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ, nítorí kókó kan ṣoṣo nínú rẹ̀ á ba ìlà jẹ́. Àwọn kan máa ń fi copper sulphate, òkúta aláwọ̀ búlúù yẹn, sí i. Májèlé ni, ẹ yọ ọ́ kúrò. Kí ọmọ fi ìyẹ́ adìẹ tàbí ọwọ̀ ìgbálẹ̀ kọ ọ́ sí ojú kan ṣoṣo lára aṣọ, kí ẹ sá a gbẹ. Bó bá ṣàn kọjá ìlà, ó ṣàn jù nìyẹn, ẹ gbé e padà sórí iná. Bó bá gbẹ tó sì sán wẹ́wẹ́ tó ń jábọ́, ó ki jù.

Ìlú yín gan-an ní aṣọ tirẹ̀ nínú ẹlẹ́kọ: Ìbàdàn dùn. Òpó Gbọ̀ngàn Màpó, tí wọ́n ṣí ní 1929, ni wọ́n yà sí i, pẹ̀lú ṣíbí láàárín àwọn òpó náà. Ẹ kó àwọn ọmọ lọ sí Màpó lọ́jọ́ tí ọjà bá rọ̀, kí wọ́n ka àwọn òpó iwájú fúnra wọn, kí wọ́n yà á, kí wọ́n wá dé ilé fi ẹ̀kọ kọ ọ́ sórí aṣọ. Kí ẹ̀gbọ́n bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí ẹlòmíràn fi ya ọba òyìnbó sórí aṣọ: àdìrẹ Ọlọ́ba jáde nítorí àjọ̀dún ọdún 25 tí ọba George Karùn-ún ti wà lórí oyè, ní 1935. Ìtàn ni, kì í ṣe ọ̀nà tuntun fún un láti há ọdún sórí.

Ti kíka àti kíkọ Yorùbá, iṣẹ́ yìí fúnra rẹ̀ ti to ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ẹ kọ ẹ̀kọ àti ẹ̀kọ́ sórí páálí méjì, kí àbúrò mú èyí tí a fi láfún ṣe. Ẹ kọ ìko, ikọ́ àti ìkọ́. Ẹ kọ ìlú àti ìlù, kí ẹ fi èlú kún un. Ọmọ tí wọ́n bá ní kó lọ mú ìko wá, tó wá ka ikọ́ jáde, á rẹ́rìn-ín ara rẹ̀, kò sì ní gbàgbé àmì ohùn mọ́. Lẹ́yìn aṣọ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ ìlà márùn-ún: ọjọ́, irú aṣọ àti ìwọ̀n rẹ̀, bí wọ́n ṣe dì í, ìṣẹ́jú tó lò nínú àwọ̀, ohun tó bàjẹ́ àti ìdí rẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni kí ẹ má gbà á lọ́wọ́ wọn láìpé.

Ìwé yẹn tún ní iṣẹ́ mìíràn. Òfin UBE, òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, ti ọdún 2004 fi dandan lé e fún òbí pé kí ọmọ gba ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ti sẹ́kọ́ńdírì kékeré, ìyà sì wà fún òbí tó bá kọ̀. Ẹ lọ rí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ yín, ẹ sọ ohun tí ẹ ń ṣe, kí ẹ fi ìwé tó ní déètì hàn wọ́n. Ẹ wá kàríkúlọ́ọ̀mù ọlọ́dún 9 ti NERDC, àjọ ìjọba tó ń to ohun tí a ó kọ́ ọmọ, kí ẹ máa fi àmì sí ohun tí wọ́n ti ṣe nínú rẹ̀. Ẹ máa rí i pé dídì àti ìwé rẹ̀ kò ní kárí gbogbo rẹ̀. Ìdá púpọ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò ṣì ń fẹ́ wákàtí kan sí méjì tirẹ̀ láàárọ̀, kí ẹ tó ṣí ṣọ́ọ̀bù bó bá ṣeé ṣe. Ẹ sì tètè béèrè ilé ìwé tó fọwọ́ sí i pé kí ẹ̀gbọ́n bá wọn jókòó ìdánwò àtiwọ sẹ́kọ́ńdírì, nítorí kò ní pẹ́ kan án.

Nínú gbogbo ìlera tí ẹ ti kà, ohun kan wà tí n kì í sábà rí ẹni tó ń sọ fún òbí tó ń kọ́ ọmọ nílé. Ilé ìwé ni àwọn elétò ìlera máa ń bá ọmọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pín oògùn aràn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gún abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọmọ tó wà nílé á pàdánù rẹ̀ láìsí ẹni tó mọ̀. Láti oṣù October 2023 ni Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ HPV, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, láti dènà jẹjẹrẹ ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ. Ọmọ yín obìnrin ti wọ ọjọ́ orí yẹn. Ẹ mú àwọn méjèèjì pẹ̀lú káàdì àjẹsára wọn lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ìjọba, ẹ béèrè HPV fún un, ẹ béèrè oògùn aràn fún àwọn méjèèjì, kí wọ́n sì yẹ ojú wọn wò. Lẹ́yìn èyí, oorun wákàtí 9 sí 12 lálẹ́ ni ọjọ́ orí wọn ń fẹ́. Àwọn ìyókù tí ẹ kà lè dúró.

Bí oṣù méjì yẹn bá pé tí dídì wọn sì ti le, ẹ lè ṣe aró gidi ní Sátidé kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Kí aṣọ ti wà ní dídì látàná. Kí àwọn ọmọ wà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn tàbí nínú ilé pẹ̀lú ilẹ̀kùn títì. Wọ́n lè wò ó lójú fèrèsé. Ẹ dúró níta, kí atẹ́gùn máa fẹ́ láti ẹ̀yìn yín. Ìbọ̀wọ́ gígùn, awò ìdáàbòbò ojú, ìbòmú, bàtà tó bo ẹsẹ̀. Ọpọ́n oníke tàbí tánganran ni kí ẹ lò, ẹ má lo álúmíníọ̀mù láéláé, kọ́sítíìkì á jẹ ẹ́ lu, á sì tú gáàsì tó ń gbiná jáde. Ohun tí ẹ bá lò fún aró, kó má padà sí ilé ìdáná mọ́.

Fún aṣọ yáàdì 2, ẹ lo omi lítà 4 lápapọ̀, ṣíbí ìjẹun kan aró, kan kọ́sítíìkì, méjì háídírọ́ọ̀sì. Ẹ bu lítà kan omi tútù sọ́tọ̀, ẹ máa wọ́n kọ́sítíìkì sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kọ́sítíìkì ló ń lọ bá omi o. Bí ẹ bá da omi lé kọ́sítíìkì, á hó lójijì, á sì ta sókè síni lójú. Ẹ fi omi wọ́ọ́rọ́ díẹ̀ po aró nínú ife oníke, ẹ da á sínú omi gbígbóná lítà 3, kí ẹ da omi kọ́sítíìkì lé e. Ẹ wá wọ́n háídírọ́ọ̀sì lé e lórí, ẹ fi igi rò ó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nítorí afẹ́fẹ́ ló ń pa agbára rẹ̀, kí ẹ bò ó fún ìṣẹ́jú 15. Bó bá jẹ́ aró búlúù bíi ti èlú, ẹ máa rí awọ dídán lójú rẹ̀, abẹ́ rẹ̀ á sì rí bí ewéko tútù. Bó bá ṣì jẹ́ búlúù dé ìsàlẹ̀, kò tíì mú: háídírọ́ọ̀sì ti gbó tàbí ó kéré, ẹ fi ìdajì ṣíbí kún un kí ẹ tún bò ó. Ẹni tó bá ri aṣọ sínú aró tí kò mú, àwọ̀ rẹ̀ á máa ràn mọ́ni lára títí ayé.

Ẹ ri aṣọ sínú omi lásán kí ẹ fún un kó tó wọ aró. Aṣọ gbígbẹ ń fa aró wọ abẹ́ ìko, èyí tó ti mu omi kò fà á tó bẹ́ẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20, ẹ má jẹ́ kó léfòó, kí ẹ wá gbé e jáde sínú afẹ́fẹ́. Àkókò yìí ni kí ẹ ké sí àwọn ọmọ wá sójú fèrèsé. Aṣọ tó jáde ní àwọ̀ ewé á máa di búlúù lójú wọn, nítorí pé afẹ́fẹ́ ń dá ohun tí háídírọ́ọ̀sì mú kúrò padà fún un. Bí ẹ bá fẹ́ kó dúdú sí i, ẹ ri í lẹ́ẹ̀kejì lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ti ẹlẹ́kọ yàtọ̀: ẹ jẹ́ kí aró tutù pátápátá, ẹ ri í ní ìṣẹ́jú 2 sí 3 lẹ́ẹ̀kan, ẹ sá a sáfẹ́fẹ́, ẹ tún un ṣe nígbà mélòó kan, ẹ má fún un. Aró gbígbóná á sọ ẹ̀kọ di ọ̀bẹ̀. Bí aró bá ti gbẹ lára rẹ̀ ni kí ẹ fi ṣíbí ha ẹ̀kọ náà kúrò.

Èyí tó ṣẹ́kù nínú ọpọ́n, ẹ fi omi tó pọ̀ là á kí ẹ dà á nù síbi tó jìnnà sí kànga, adìẹ àti ewúrẹ́. Ẹ ṣan aṣọ nínú omi mẹ́ta sí mẹ́rin láì tíì tú u, kí ẹ fi fínígà díẹ̀ sínú omi tó ṣáájú èyí tó kẹ́yìn. Ẹ wá mú ọ̀kan nínú aṣọ ajó tínńtín tí ẹ kó pa mọ́ sínú àpòòwé lọ́jọ́sí, ẹ ri í sínú omi tó kẹ́yìn tí ẹ fi ṣan án. Bó bá pọ́n, kọ́sítíìkì ṣì wà nínú aṣọ, ẹ tún un ṣan. Bí kò bá pọ́n, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, kí ẹ gbé aṣọ náà fún ẹni tó dì í, kó jókòó tú u.